Bàálù míṣọ́n kì í ṣe jẹ́ẹ̀tì pásítọ̀

Ẹ sọ ọ́ ní Àkúrẹ́ pé ìjọ kan ń dáwó bàálù, kẹ́ ẹ wá wo ojú àwọn èèyàn. Kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ tán, ẹnìkan á ti bú sẹ́rìn-ín, ẹlòmíràn á ní owó ìdámẹ́wàá tún ti fò lọ nìyẹn. A ò lè dá wọn lẹ́bi. Nílẹ̀ yìí, bí ìjọ àti bàálù bá ti pàdé nínú gbólóhùn kan, jẹ́ẹ̀tì pásítọ̀ ló ń wá síni lọ́kàn: ọkọ̀ funfun tó ń dán, àga aláwọ, ọlọ́pàá tó dúró tì í. Bàálù míṣọ́n tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí, èyí tí àwọn àjọ Kristẹni fi ń dé ibi tí mọ́tò kò lè dé, kò bá ìyẹn tan rárá. Ọkọ̀ kékeré ni, ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ló sábà máa ń ní, ẹrẹ̀ kì í wọ́n ní táyà rẹ̀. Àpò ìrẹsì, páànù ìbolé, abẹ́rẹ́ àjẹsára, olùkọ́ tó ń padà síbi iṣẹ́ àti aláboyún tí ìrọbí ti mú ló ń kó.

Ohun tí kò jẹ́ kó tètè yé wa ni pé ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀nà ọ̀hún lè bàjẹ́ o, kòtò lè gbé mọ́tò mì, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà ni. Láàárín wa, àwọn ará Ìlàjẹ ló mọ bó ṣe ń rí kí mọ́tò má lè dé ìlú ẹni, àwọn náà sì ní ọkọ̀ ojú omi. Ẹ wá ro ti Ìdànrè wò. Orí òkè ni ìlú yẹn wà títí di àwọn ọdún 1920 tí wọ́n ń ṣí wálẹ̀ síbi tí wọ́n wà lónìí. Ẹni tó bá ti gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600 yẹn rí mọ ohun tí orúnkún rẹ̀ sọ fún un. Ká ní Ìdànrè kò sọ̀ kalẹ̀ ńkọ́? Ká ní òkè náà ga ní ìlọ́po mẹ́ta, tí òmíràn wà lẹ́yìn rẹ̀, tí òmíràn tún wà lẹ́yìn ìyẹn, tí igbó dídí àti odò tí kò ní afárá sì wà láàárín wọn? Orí ni wọn ì bá máa fi ru kòkó wá sí Àkúrẹ́. Aláboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, èjìká èèyàn mẹ́rin ni ì bá fi sọ̀ kalẹ̀, bó bá dé ìsàlẹ̀.

Ibi tó rí bẹ́ẹ̀ kò lóǹkà láyé. Ní Papua New Guinea, kò sí títì kankan tó ti Port Moresby, olú-ìlú wọn, dé àwọn ìlú ńlá àárín òkè. Òkè Wilhelm tó ga jù níbẹ̀ tó mítà 4,509, èdè tí wọ́n ń sọ lórílẹ̀-èdè náà sì lé ní 800. Òkè àti àfonífojì wà lára ohun tó ya àwọn èèyàn náà sọ́tọ̀ síra wọn tó bẹ́ẹ̀. Ní gúúsù Áfíríkà níbí, Lesotho wà. Ibi tó rẹlẹ̀ jù ní Lesotho fi nǹkan bíi mítà 1,400 ga ju òkun lọ, nígbà tí Àkúrẹ́ tiwa kò ju nǹkan bíi 350 lọ. Bí yìnyín bá bo òkè wọn lásìkò òtútù, ẹṣin pàápàá lè má rí ọ̀nà gbà.

Àwọn oníwàásù wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ronú pé bàálù lè yanjú ọ̀rọ̀ yìí. John Flynn, òjíṣẹ́ Ọlọ́run nínú ìjọ Presbyterian ní Australia, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dókítà olókè-òfurufú, ìyẹn dókítà tó ń fi bàálù dé ọ̀dọ̀ aláìsàn, ní 1928, láti ìlú Cloncurry. Bàálù tí wọ́n háyà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Qantas ni wọ́n kọ́kọ́ lò. Bí ogun àgbáyé kejì ṣe ń parí lọ, àwọn tó ti wa bàálù lásìkò ogun bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn pé kí làwọn á fi ìmọ̀ náà ṣe báyìí. Wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1945, òun ló di Mission Aviation Fellowship, tí gbogbo ayé ń pè ní MAF. Obìnrin ni awakọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́, Betty Greene, tó gbé ọkọ̀ wọn lọ sí Mexico ní 1946, tó sì tún lọ wa bàálù kọjá àwọn òkè Andes ní Peru. Ní 1948, Jack Hemmings àti Stuart King gbéra láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti wá wo ibi tí Áfíríkà ti nílò irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Lára òkè kan ní Burundi ni wọ́n já sí. Àwọn méjèèjì yè é, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní Sudan ní 1950. Lónìí MAF wà ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 20, Chad tó wà nítòsí wa wà lára wọn. Kì í ṣe àwọn nìkan: JAARS wà, tó ń bá àwọn atúmọ̀ Bíbélì ṣiṣẹ́ láti 1948, Helimission ti ilẹ̀ Switzerland náà wà, tó bẹ̀rẹ̀ ní Cameroon ní 1971 pẹ̀lú ẹlikópítà.

Ó tó nípa ìtàn. Ohun tí àwọn èèyàn ń béèrè jù ni ìdí tí wọn ò fi kàn ra bàálù kan kí wọ́n máa fò kiri. Àfi ká ti ìdí afẹ́fẹ́ wá.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé ẹ́ńjìnnì ló ń gbé bàálù sókè. Iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ni láti tì í síwájú. Apá rẹ̀ ló ń la afẹ́fẹ́ kọjá, afẹ́fẹ́ tó ń gba òkè àti abẹ́ apá náà kọjá ló ń gbé e. Bí afẹ́fẹ́ bá ki, ó gbé e dáadáa. Bó bá fẹ́lẹ́, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó lè dìde. Bẹ́ẹ̀ bí a bá ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́lẹ́ sí i: ká pín afẹ́fẹ́ etí òkun sí ọ̀nà 100, tí a bá fi máa dé mítà 2,500, nǹkan bíi 78 ló máa kù. Ẹ́ńjìnnì náà nílò afẹ́fẹ́ yẹn kí epo tó lè jó nínú rẹ̀, nítorí náà agbára tiẹ̀ náà ń dín kù, abẹ̀bẹ̀ iwájú kò sì rí afẹ́fẹ́ tó pọ̀ tó láti fi fa ọkọ̀. Ìyà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Oòrùn tún wá ń dá kún un, torí afẹ́fẹ́ gbígbóná fẹ́lẹ́ ju tútù lọ. Ẹrù tí bàálù gbé kúrò ní pápá kan ní aago méje àárọ̀ láìṣe wàhálà, ó lè má lè gbé e kúrò níbẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán. Ọkọ̀ kan náà, pápá kan náà, awakọ̀ kan náà.

Pápá ọ̀hún wá ńkọ́? Ojú ọ̀nà tó gùn jù ní pápákọ̀ òfurufú Èkó tó mítà 3,900. Ti Lukla ní Nepal, tí Edmund Hillary, agunkè ilẹ̀ New Zealand, jẹ́ kí wọ́n là ní 1964, mítà 527 péré ni, orí òkè tó ga ní mítà 2,845 ló sì wà. Lukla kì í ṣe pápá míṣọ́n, òkìkí rẹ̀ ló jẹ́ kí n mú un. Àwọn pápá míṣọ́n wà tó kúrú jù ú lọ, tó jẹ́ koríko àti ẹrẹ̀ lásán. Ẹni tó bá rí àwòrán Lukla á rí i pé kò tẹ́jú: ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi nǹkan bíi mítà 60 rẹlẹ̀ ju òkè rẹ̀ lọ. Ojú tí kò mọ̀ á ní wọn ò rí ibi tó tẹ́jú ni. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn gan-an ló ń ran awakọ̀ lọ́wọ́. Bàálù tó ń bọ̀ ń kọjú sí òkè balẹ̀, ilẹ̀ tó ń ga ń bá búréèkì dá a dúró. Bó bá ń lọ, ó yí padà, ó sáré sọ̀ kalẹ̀, ìsọ̀kalẹ̀ náà ń fún un ní eré, kí pápá tó tán ó ti dìde. Ibi tí pápá ti tán, àfonífojì ni.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní. Ní pápákọ̀ Àkúrẹ́ tó wà lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀, bí awakọ̀ bá rí i pé bíbalẹ̀ òun kò gún, yóò fún ẹ́ńjìnnì ní agbára, yóò gbéra padà, yóò yí po, yóò tún wá. Ní pápá orí òkè, ògiri òkè ló wà ní ìparí, ó sì ń ga ju bí bàálù kékeré ṣe lè gòkè lọ. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ ti yan ibì kan sílẹ̀ nínú ọ̀nà tó ń gbà bọ̀; kó tó débẹ̀ ó ṣì lè yà, bó bá ti kọjá ibẹ̀, bíbalẹ̀ ló kù. Nítorí èyí, ìwé àṣẹ awakọ̀ nìkan kò tó. Awakọ̀ tuntun á kọ́kọ́ tẹ̀ lé ọ̀gá kan tó ti mọ pápá náà lọ síbẹ̀, ọ̀gá náà ló máa fọwọ́ sí i, fún pápá yẹn nìkan. Ẹni tí wọ́n fọwọ́ sí fún mẹ́wàá ṣì máa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá kan ìkọkànlá.

Ta wá ló ń la àwọn pápá wọ̀nyí? Àwọn ará abúlé ni, pẹ̀lú ọkọ́, àdá àti ṣọ́bìrì, fún oṣù tàbí ọdún. Àwọn náà ló ń gé koríko rẹ̀, tí wọ́n ń la ojú àgbàrá, tí wọ́n ń lé ẹlẹ́dẹ̀ kúrò lójú rẹ̀. Abúlé tó bá jẹ́ kí koríko ga, bàálù ò ní yà síbẹ̀ títí wọ́n á fi gé e. Apá yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà, torí a máa ń sọ̀rọ̀ àwọn ará òkè bí ẹni pé wọ́n kàn jókòó, wọ́n tẹ́wọ́ de ọrẹ. Láìsí iṣẹ́ ọwọ́ wọn, bàálù kò níbi tó máa balẹ̀ sí.

Òwúrọ̀ ni iṣẹ́ yìí máa ń pọ̀ jù. Bí oòrùn bá ti ń mú ilẹ̀ gbóná, ìkùukùu á bẹ̀rẹ̀ sí í gun ara òkè, tó bá fi máa di ọ̀sán, àlàfo tó wà láàárín òkè méjì tí bàálù gbà wọlé lè ti dí. Afẹ́fẹ́ tó bá gba orí òkè kọjá tún máa ń ya wálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ̀ kékeré tó bá bọ́ sínú rẹ̀ lè máa lọ sílẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń fi gbogbo agbára ké. Ojú ni awakọ̀ fi ń rí ọ̀nà. Kò sí ẹ̀rọ tó ń tọ́ bàálù wálẹ̀ nínú kùrukùru níbẹ̀. GPS wà, ó sì ti yí iṣẹ́ náà padà gan-an, ṣùgbọ́n GPS kò lè sọ bóyá ẹlẹ́dẹ̀ wà lójú pápá. Ará abúlé tó wà nídìí rédíò láàárọ̀ ló ń sọ ìyẹn: bí orí òkè ṣe hàn sí, bí ilẹ̀ ṣe gbẹ sí, ibi tí afẹ́fẹ́ kọjú sí.

Ẹni tó bá fẹ́ wọ irú bàálù bẹ́ẹ̀ kò ní bọ́ lọ́wọ́ òṣùwọ̀n. Ẹ̀yin àti àpò yín lẹ máa gùn ún. Mo ń fojú inú wo ìyá oníṣòwò kan láti Ọjà Ọba, gèlè lórí, tí wọ́n ní kó gun òṣùwọ̀n lójú gbogbo èèyàn, tí akọ̀wé sì pe kílò rẹ̀ síta! Ọjọ́ náà kò ní tán bọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwọ̀sí. Ohun tí bàálù lè gbé ní ìwọ̀n, epo, èrò àti ẹrù ló sì jọ ń pín in. Epo tó pọ̀ túmọ̀ sí èrò tó dín. Ibi tí wọ́n kó ẹrù sí pàápàá ṣe pàtàkì, torí bí ẹ̀yìn bá wúwo jù, imú á gbé sókè, apá á sì kùnà láti gbé ọkọ̀ mọ́. Nítorí náà, bí aláìsàn bá dé lójijì, àpò ìrẹsì á bọ́ sílẹ̀, bó bá sì pọn dandan, alàgbà ìjọ náà á bọ́ sílẹ̀. Kò sí "ṣé o mọ ẹni tí mo jẹ́" lórí òṣùwọ̀n.

Ọ̀rọ̀ epo náà ní ìtàn tiẹ̀. Cessna 206, bàálù kékeré kan tó ti ṣiṣẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ń lo avgas, epo kan tó ti di ọ̀wọ́n gógó ní ọ̀pọ̀ ibi ní Áfíríkà. Ìyẹn wà lára ohun tó sún àwọn àjọ náà sí Cessna Caravan àti Kodiak, tí ẹ́ńjìnnì wọn ń lo Jet A-1, epo tó sún mọ́ kẹrosíìnì, tí àwọn ọkọ̀ òfurufú ńlá ń lò. Ìlú Sandpoint ní ìpínlẹ̀ Idaho, Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti ṣe Kodiak, wọ́n sì ro ti iṣẹ́ míṣọ́n mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó gba ìwé ẹ̀rí ìjọba ní 2007. Létí òkun, mítà tí kò tó 300 ti tó fún un láti gbéra. Caravan tuntun kan ju mílíọ̀nù méjì dọ́là lọ.

Ṣé ọ̀fẹ́ wá ni? Rárá o. Èrò ń san owó ọkọ̀, owó náà ni kì í tó. Ìdáwó àwọn ìjọ àti àwọn aláàánú ló ń dí àlàfo tó kù. Iye tí ẹni tó ní iṣẹ́ ajé ń san sábà máa ń ju ti aláìsàn tàbí ti míṣọ́nnárì lọ. Owó oṣù awakọ̀ fúnra rẹ̀, ní ọ̀pọ̀ àjọ wọ̀nyí, ọ̀dọ̀ àwọn ìjọ àti ọ̀rẹ́ tó ṣèlérí láti máa gbọ́ bùkátà rẹ̀ ló ti ń wá, kì í ṣe láti inú tíkẹ́ẹ̀tì. Bàálù kì í sì í padà lófo bó bá ṣeé ṣe: ní àwọn òkè Papua New Guinea, kọfí àwọn àgbẹ̀ ló máa ń gbé bọ̀. Ará Ìdànrè tó gbin kòkó mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí.

Kì í sì í ṣe Kristẹni nìkan ló ń gbé. Dókítà, nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn tó ń pín oúnjẹ fún àwọn tí ogun lé nílé, gbogbo wọn ló ń wọ̀ ọ́. Ní Chad tí Mùsùlùmí ti pọ̀ ju Kristẹni lọ, a kì í bi aláìsàn ní ẹ̀sìn tó ń ṣe. Ṣùgbọ́n ká má fi ọ̀rọ̀ pamọ́, ìhìnrere wà nídìí iṣẹ́ náà, ó sì ti dá awuyewuye sílẹ̀ rí. Ní January 8, 1956, àwọn Waorani, ẹ̀yà kan tó ń gbé inú igbó, pa Nate Saint, awakọ̀ MAF, pẹ̀lú àwọn míṣọ́nnárì mẹ́rin míì ní Ecuador, níbi tí wọ́n fi bàálù dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò ké sí wọn. Ẹni tó bá ní kò yẹ kí wọ́n lọ, ó ní ọ̀rọ̀ tí a lè gbọ́. Èmi ò rí bí ìyẹn ṣe lè di ìdí láti fi aláboyún Lesotho sílẹ̀ lórí òkè.

Ẹlikópítà ńkọ́, kò kúkú nílò pápá? Òótọ́ ni, wọ́n sì ń lò ó níbi tí kò ti sí ọ̀nà míì, ṣùgbọ́n wákàtí kan rẹ̀ wọ́n ju ti bàálù kékeré lọ dáadáa, àtúnṣe rẹ̀ pọ̀, ẹrù tó ń gbé fún iye owó náà kéré. Dírónù, bàálù kékeré tí kò ní awakọ̀ nínú ńkọ́? Iléeṣẹ́ Zipline ti ń fi í gbé ẹ̀jẹ̀ ní Rwanda láti 2016, ó sì ti dé Nàìjíríà. Kò gbé tó kílò méjì nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè bá a lọ sórí òkè, ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀ ò lè bá a sọ̀ kalẹ̀.

Ewu wà, mi ò ní parọ́. Ní May 12, 2020, Joyce Lin, awakọ̀ MAF, kú ní adágún Sentani ní Papua, Indonesia, ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tó gbéra. Ohun èlò àyẹ̀wò kòrónà àti ẹrù ilé ìwé ló ń gbé lọ sí abúlé orí òkè. Òun nìkan ló wà nínú ọkọ̀. Gbogbo òfin òṣùwọ̀n, pápá àti òwúrọ̀ tí mo ti ń sọ bọ̀ yìí, ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ pé ikú ẹnìkan ló kọ́ wọn.

Níbí ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ètò Abíyè tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Ìfẹ́dọrẹ ní 2009 ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ mọ̀ pé ìdádúró ló ń pa aláboyún: kó tó pinnu láti lọ, kó tó débẹ̀, kí wọ́n tó dá a lóhùn níbẹ̀, kí wọ́n tó gbé e lọ síbi tó tóbi jù. Kìkì ìdádúró ojú ọ̀nà ni bàálù lè gé kúrú. Bí dókítà kò bá sí nílé ìwòsàn tó gbé e dé, owó epo lásán ni wọ́n ná. Ìdí nìyẹn tí àwọn àjọ tó mọ iṣẹ́ wọn fi máa ń bá ilé ìwòsàn dòwò pọ̀ kí wọ́n tó gbéra, bí wọ́n ṣe bá iṣẹ́ dókítà olókè-òfurufú ti ìjọba Lesotho ṣe. Ẹ má sì fi wọ́n wé Flying Doctors Nigeria tí Dókítà Ola Orekunrin dá sílẹ̀ ní Èkó: iléeṣẹ́ tó ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, iṣẹ́ gidi sì ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe míṣọ́n.

Bí àpótí ọrẹ bàálù bá wá dé iwájú yín, ẹ béèrè. Orúkọ ta ló wà lórí ìwé ọkọ̀ náà, ti àjọ ni àbí ti ẹnìkan? Ṣé àjọ tó ń ṣàkóso ìrìnnà òfurufú lórílẹ̀-èdè tó ti ń fò ti fún un ní ìwé àṣẹ? Wákàtí mélòó ló fò lọ́dún tó kọjá, kí ló sì gbé? Àjọ tó dára á ti ní èsì wọ̀nyí nínú ìròyìn ọdọọdún rẹ̀. Bí wọ́n bá ní ìbéèrè yín kò fi ìgbàgbọ́ hàn, ẹ di àpò yín mú.

Ọ̀dọ́ tó bá sì fẹ́ ṣe é lè bẹ̀rẹ̀ ní Zaria, ní Nigerian College of Aviation Technology tó ti wà láti 1964. Owó rẹ̀ kò kéré, ìwé àṣẹ nìkan kò sì ní gbà á wọlé, torí ọ̀pọ̀ àjọ ń fẹ́ ẹni tó ti fò ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún wákàtí, wọ́n sì fẹ́ràn ẹni tó tún mọ ẹ́ńjìnnì tún ṣe. Ẹni tí fífò ń bà lẹ́rù, mẹ́kánííkì lásán náà níṣẹ́ níbẹ̀, akọ̀wé owó náà níṣẹ́ níbẹ̀.